Yìnyín Inú Òjò Àkọ́rọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé ní Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ni yìnyín sábà máa ń bá òjò wá, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ, tí oòrùn ti yan ilẹ̀ gbẹ, tí àgbẹ̀ sì ń wojú ọ̀run fún òjò àkọ́rọ̀. Ó tún lè yọjú nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Kì í pẹ́ rárá, ibi tó sì ń rọ̀ dé kì í fẹ̀, tó fi jẹ́ pé oko ẹnìkan lè fàya pẹ́rẹpẹ̀rẹ kí ewé oko aládùúgbò rẹ̀ má bọ́ kan. Ohun tó mú wa kọ ìwé yìí gan-an ni pé ìpalára tí yìnyín ń ṣe fún àgbàdo kékeré kì í tó bí ojú ṣe ń rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àti pé àgbẹ̀ tó bá fi ìkánjú tú oko rẹ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí yìnyín kò pa.

Bí ó ṣe ń wáyé

Bí ilẹ̀ bá ti gbóná láti òwúrọ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin tó ti ìhà òkun wá á gbóná, á fúyẹ́, á sì máa gòkè kíákíá. Bí ó ti ń gòkè ló ń tutù, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ ń di ìkúùkù dúdú tó ga bí òkè, èyí tí orí rẹ̀ lè kọjá kìlómítà 12. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, nǹkan bí kìlómítà 4.5 sí 5 lókè ni òtútù ti tó ohun tó lè mú omi dì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀kán omi tó wà níbẹ̀ kò tíì dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tutù kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti dì. Àfi bí wọ́n bá fara kan hóró yìnyín kékeré kan, kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n sì dì síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ru sókè kì í jẹ́ kí hóró náà tètè já bọ́. Ó ń gbé e dúró, hóró náà ń sanra, títí yóò fi wúwo ju ohun tí afẹ́fẹ́ náà lè gbé. Bí ẹ bá la yìnyín ńlá sí méjì, ẹ lè rí ìpele funfun àti ìpele tó mọ́ gaara nínú rẹ̀, bí ìpele àlùbọ́sà.

Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń yọ́ kó tó dé ilẹ̀, nítorí ooru tó wà ní ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ń kàn wá lára fi sábà máa ń dà bí hóró ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Moradabad ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1888, yìnyín pa ènìyàn 246, wọ́n sì ti rí èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 ní Vivian ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2010. Ẹ má ṣe fi ojú eré wò ó.

Kí òjò tó dé

Ìhà ìlà-oòrùn ni ìjì líle tó ń gbé yìnyín wá ti sábà máa ń wá. Bí ọ̀sán bá mú ganrín, tí òkùnkùn sì ń ṣú láti ìhà ibẹ̀, tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, tí ẹ̀fúùfù tútù tó ru erùpẹ̀ wá dé lójijì, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ máa fetí sí ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ tí NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń gbé jáde, tí rédíò sì máa ń kà. Ẹ tú ewúrẹ́ àti àgùntàn tí ẹ so mọ́ èèkàn, kí ẹ kó wọn sábẹ́ òrùlé, kí ẹ sì kó òròmọdìyẹ wọlé, nítorí òtútù omi yìnyín nìkan tó láti pa wọ́n. Ibi tí ẹ ti ń tọ́ ọmọ ata àti ọmọ tòmátò ló gba ìtọ́jú jù: àtíbàbà tí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, tí ẹ gbé lé òpó tó dúró dáadáa, yóò gba ìlù yìnyín dípò wọn, yóò sì tún ṣíji bò wọ́n lọ́wọ́ oòrùn.

Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa yìí, kò sí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ìbẹ̀rù àrá, ṣùgbọ́n abẹ́ igi máńgòrò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sá sí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ilé tó ní ògiri àti òrùlé ni kí ẹ wà, tàbí inú ọkọ̀ tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, títí yóò fi tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ gbọ́ àrá ìkẹyìn. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti sáré jáde lọ ṣa yìnyín jẹ. Ẹ dá wọn dúró: mànàmáná ṣì wà níta, èyí tó ń bọ̀ lè bà wọ́n lórí tàbí lójú, èyí tó sì ti balẹ̀ ti gba ìdọ̀tí mọ́ra.

Lẹ́yìn tí ó bá dá

Àgbàdo tí kò tíì ju ewé márùn-ún lọ ṣì ní ojú ìdàgbàsókè rẹ̀, ìyẹn ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí yìnyín kò lè dé. Ewé lè ya, ó lè wó, oko lè dà bí ibi tí màlúù jẹ̀ kọjá, síbẹ̀ kí ó má kú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10. Lẹ́yìn náà, ẹ fa igi mélòó kan tu ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú oko, kí ẹ fi ọ̀bẹ la ìdí wọn láti òkè dé gbòǹgbò. Bí àárín rẹ̀ bá funfun, tó sì le, igi náà yè; bí ó bá ti di àwọ̀ erùpẹ̀, tó sì rọ̀, ó ti kú. Ewé tó lọ́ mọ́ra wọn lókè sábà máa ń já ara wọn gbà fúnra wọn. Àgbàdo tó ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ni òfò rẹ̀ tóbi jù, nítorí ewé tó já ní àkókò yẹn kò ní rọ́pò, bẹ́ẹ̀ ewé náà ni hóró ì bá fi kún.

Ẹ̀gẹ́ kò ṣòro: bí orí rẹ̀ bá ṣẹ́, ojú tó wà lára igi yóò rú. Iṣu tó ti hù náà lè tún yọ ìtàkùn mìíràn láti ara ẹ̀bù. Ata àti tòmátò ló ń gba ìṣọ́ra, nítorí ojú ọgbẹ́ ni àrùn ń gbà wọlé. Ẹ gé ẹ̀ka tó ti ṣẹ́ nígbà tí ewé bá gbẹ, ẹ má sì wọ inú oko nígbà tí ewé ṣì tutù, kí ẹ má ba fi aṣọ àti ọwọ́ gbé àrùn láti orí igi kan dé òmíràn. Ẹ má tíì da ajílẹ̀ sí i títí ewé tuntun yóò fi yọ.

Máńgòrò tó bọ́ tàbí tó ní ojú ọgbẹ́ kò gbọdọ̀ wọ agbọ̀n kan náà pẹ̀lú èyí tó pé, torí jíjẹrà rẹ̀ yóò ràn. Kajú tó bọ́, tí kóró rẹ̀ ti gbó, ẹ já kóró náà kúrò lára èso, kí ẹ sá a gbẹ.

Ní ilé, kí ẹnikẹ́ni tó gun òrùlé lọ wo páànù, kí ó rí i pé omi ti gbẹ lórí rẹ̀, kí ó sì kó yìnyín tó dí gọ́tà tó ń gba omi òrùlé kúrò, nítorí omi tó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ yóò padà wọ inú àjà.

Bí ẹ bá ti la ìdí àgbàdo, tí ẹ sì rí i pé díẹ̀ ló kú, ẹ tún gbin ibi tó ṣófo nìkan, kì í ṣe gbogbo ebè. Ẹ fi irúgbìn tí ń gbó láàárín nǹkan bí ọjọ́ 90 ṣe é, kí ó lè bá èyí tó kù dọ́gba díẹ̀, kí ó sì bọ́ sí abẹ́ òjò kan náà.