Bí ẹ ṣe máa fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí jọ́nà sáyẹ́ǹsì, tẹkinọ́lọ́jì àti àwùjọ

Ẹ kọ́kọ́ mú jọ́nà kan, ìyẹn ìwé tó ń gbé àpilẹ̀kọ ìwádìí jáde. Social Studies of Science wà, láti 1971 ló ti ń jáde, Engaging Science, Technology, and Society náà wà, ọ̀fẹ́ lèèyàn ń ka ìyẹn. Ẹ ka àpilẹ̀kọ márùn-ún tó jáde kẹ́yìn nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ lẹ́tà kan, torí tó bá jẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìkan lẹ kọ, olóòtú á dá a padà ni. Ká ní mítà omi lẹ̀ ń kọ nípa ẹ̀: ta ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀, ta ló ń kà á, omi ta ni wọ́n ń já? Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn.

Ẹ kọ ọ́, ẹ kọ àṣamọ̀ (abstract, àkópọ̀ kúkúrú tó máa ń wà níwájú) kẹ́yìn. Zotero, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ni kẹ́ ẹ fi to ìwé ìtọ́kasí, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má fọwọ́ tò ó.

Ó wá ku orúkọ yín, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ jọ́nà yìí ò fẹ́ kí ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ wò mọ ẹni tó kọ ọ́. Àwọn èèyàn á pa orúkọ rẹ́ lójú ewé àkọ́kọ́, wọ́n á ní ó ti parí. Kò tíì parí o! Fáìlì fúnra ẹ̀ gbé orúkọ yín pamọ́ sínú. Nínú Word, ẹ lọ sí File, Info, Check for Issues, kẹ́ ẹ wá tẹ Inspect Document. LibreOffice tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà ń ṣe é, inú Properties ló wà. Ẹ má sọ pé ẹ máa dà á sínú fáìlì tuntun, torí fáìlì tuntun náà á tún gba orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà.

Mo ti rí iṣẹ́ tí kọ́mẹ́ǹtì ọ̀gá ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà létí ìwé, torúkọ torúkọ.

Ẹ tún wo inú ọ̀rọ̀ náà. "Bí mo ṣe sọ nínú iṣẹ́ mi ti 2019" ti tú yín fó, ẹ tọ́ka sí i bíi pé ẹlòmíì ló kọ ọ́. Ìdúpẹ́ àti orúkọ àwọn tó fówó sílẹ̀, inú fáìlì ọ̀tọ̀ ni kó lọ. Èmi máa ń tẹ Ctrl+F, mo máa wá orúkọ mi, orúkọ ilé ẹ̀kọ́, nọ́ńbà owó ìrànwọ́, ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Jọ́nà kan ṣoṣo lẹ máa fi ránṣẹ́ sí o, àfi tó bá fèsì kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síbòmíì.