Àdìrẹ Ìtòkú dé Antakya

Ọmọ àbúrò mi ló jí mi lóru ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2023. Adana ní Túrkì ló ti ń kàwé. "Mọ́mì, ilẹ̀ ń mì o! Ìta la wà, òtútù ń pa wá." Ẹkún ni mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, fóònù sì já. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ìdájí lọ́dọ̀ wọn ni ilẹ̀ mì, ìwọ̀n rẹ̀ 7.8. Kí ọ̀sán tó pọ́n níbí, òmíràn tó jẹ́ 7.5 tún dé. Tiwa yè. Ṣùgbọ́n àwọn tó kú ní Túrkì nìkan lé ní 50,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú ní Síríà.

Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ni mo ti ń ta àdìrẹ. Nígbà tí mo ní kí a dá nǹkan jọ, ẹnì kan ní, "Túrkì kẹ̀? Ìyà tiwa ńkọ́?" Ìyá àgbà kan tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sí lára aṣọ kí aró má baà mú ibẹ̀, ló dá a lóhùn. Ó ní nígbà tí ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, Abẹ́òkúta níbí náà gbọ̀n, àwo òun ń dún lórí pẹpẹ, òun sì gbé ọmọ sáré jáde láìwọ bàtà. "Kò pẹ́ tó kí èèyàn ká ẹní, ọmọ mi. Mi ò tíì gbàgbé ẹ̀."

Ìgbà yẹn gan-an ni owó náírà wọ́n bí ojú. Àwọn èèyàn ń sùn sẹ́nu báǹkì, àwọn oní-POS ń ta owó fúnni. Ta la fẹ́ ní kó mú owó wá? Mo wá ní kí kálukú mú aṣọ kan wá, yáàdì márùn-ún. Aṣọ mọ́kànlélógójì wọlé. Ti ìyá àgbà wà lábẹ́ àpótí láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo tú u, òórùn aró ṣì wà lára rẹ̀, àmì ìyẹ́ adìyẹ tó fi ya ẹ̀kọ sí i hàn ketekete. Mo ya fọ́tò gbogbo wọn, mo gbé wọn sórí WhatsApp. Àwọn ará Èkó ló ra èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì: ₦287,000.

Àwọn kan fẹ́ kó àlòkù aṣọ wá. Mo kọ̀. Owó ẹrù á ju iye aṣọ lọ, ọmọ wa sì ti sọ pé àlòkù aṣọ ń rà sínú òjò lẹ́bàá títì lọ́hùn-ún.

Nígbà náà, káàdì náírà wa ò ṣiṣẹ́ lókè òkun mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Adana ló gbà wá: a san náírà fún ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, òun náà kó lírà, owó Túrkì, lé ọmọ wa lọ́wọ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ìlédìí ọmọ ló fi rà.

Bí àbọ̀ owó náà nìkan la ná. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí a fi ₦140,000 pa mọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ayé ló ń gbé ẹrù lọ. Bí àwọn oníkámẹ́rà bá ti kó irinṣẹ́ wọn, ẹni tí ilé rẹ̀ wó ṣì wà níbẹ̀. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àṣìṣe mi ni pé mo fi owó náà sílẹ̀ ní náírà. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu, ó sì já wálẹ̀. Nígbà tí ọdún fi yí po, ohun tí owó wa lè rà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì lọ. Mo kó ìwé báǹkì lọ bá wọn, mo ṣàlàyé, ojú tì mí. Wọn ò bá mi jà. Aṣọ mẹ́tàdínlógún tún wọlé.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ọmọ wa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Antakya, ìlú kan tí ilẹ̀ mímì yẹn bà jẹ́. Ó bá aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wó, tí òun àtọmọ ẹ̀ ń gbé inú kọ̀ntẹ́nà. Àlòkù ẹ̀rọ ìránṣọ ló bá a rà, ó sì fi yáàdì méjì àdìrẹ lé e. Nínú fídíò, obìnrin náà ń fi àtàǹpàkò tọ ipa àmì ara aṣọ náà, ó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo fi han ìyá àgbà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé wọ́n ti kọ́ ilé fún un?"

"Rárá, mà. Inú kọ̀ntẹ́nà ló ṣì wà."

Ó ní kí n kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún aṣọ tọdún tó ń bọ̀.