Tí wọ́n bá ní stem cell ti wo HIV, ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè rèé

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́nì kan bá gbé fídíò wá sórí WhatsApp pé stem cell ti ń wo HIV, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ẹ má sì tíì sọ pé irọ́ ni. Àwọn èèyàn wà lóòótọ́ tí kòkòrò yẹn ti kúrò lára wọn lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí stem cell tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wà, fún wọn, àmọ́ gbogbo wọn lágbàáyé ò tíì tó ogún.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé jẹjẹrẹ wo ló ń ṣe ẹni náà. Ó lè yà yín lẹ́nu o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Timothy Ray Brown, ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Berlin, òun lẹni àkọ́kọ́. Láti 1995 ló ti mọ̀ pé òun ní HIV, ó ń lo oògùn ẹ̀ jẹ́jẹ́, àfi bó ṣe di 2006 tí leukemia, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, tún kó sí i lára. Torí leukemia yẹn ni wọ́n ṣe pààrọ̀ mùdùnmúdùn fún un ní February 2007. Adam Castillejo tí wọ́n ṣe tiẹ̀ ní London ní 2016, lymphoma, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ míì, ló ń bá fínra, Marc Franke ní Düsseldorf, leukemia náà ni.

Ìdí tí wọn kì í fi ṣe é fún ẹni tó ní HIV nìkan ni pé iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ lè pa èèyàn. Chemo líle ni wọ́n á kọ́kọ́ fi pa gbogbo ohun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára onítọ̀hún, nígbà míì wọ́n á fi radiation kún un, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá fa ti ẹlòmíì sí i lára láti ojú iṣan, bí wọ́n ṣe ń fa omi drip gẹ́lẹ́. Kí ẹ̀jẹ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kòkòrò tí kò tó nǹkan lè gbé èèyàn lọ, tó bá sì jáde tán, ó tún lè kọjú ìjà sí awọ, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fi sí lára. Brown ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nítorí leukemia yẹn padà wá, èyí tí wọ́n ṣe ní 2008 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lójú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ta ló máa fira ẹ̀ sínú ìyẹn nígbà tí oògùn kan lóòjọ́ wà?

Ẹ tún bèèrè ẹni tó fún un ní mùdùnmúdùn. Ilẹ̀kùn kan wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CCR5, ibẹ̀ ni HIV sábà máa ń gbà wọlé. Àwọn kan jogún èyí tó bàjẹ́ látọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, delta32 ni wọ́n ń pè é, kò sí ilẹ̀kùn lára tiwọn rárá. Dókítà Gero Hütter tó tọ́jú Brown wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí mùdùnmúdùn wọn bá tiẹ̀ mu, ẹni kọkànlélọ́gọ́ta tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní in. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun apá àríwá Yúróòpù, bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in, láàárín àwa èèyàn dúdú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Tẹ̀gbọ́n tàbí tàbúrò yín bá tiẹ̀ bá tiyín mu, kò dájú pé á ní i. Ẹnì kan wà ní Geneva sha tó gba ti ẹni tí kò ní delta32, tí HIV ò tíì padà látìgbà tó ti dá oògùn dúró ní November 2021, ṣùgbọ́n àwọn méjì ní Boston ṣe irú ẹ̀, bí wọ́n ṣe fi oògùn sílẹ̀, oṣù díẹ̀ ni, kòkòrò ti dé.

Ìgbà wo ló wá dá ARV, ìyẹn oògùn HIV, dúró? Ibí làwọn oníṣòwò ti ń múni. Wọ́n á gbé ìwé àyẹ̀wò wá pé wọn ò rí kòkòrò mọ́ lẹ́jẹ̀ oníbàárà àwọn, bẹ́ẹ̀ oníbàárà ọ̀hún ò fi ARV sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. ARV ló ṣiṣẹ́ yẹn o jàre! September 2017 ni Castillejo fi oògùn tiẹ̀ sílẹ̀, March 2019 làwọn dókítà ẹ̀ tó jáde sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìyẹn náà wọ́n rọra ń sọ ọ́ ni.

Stem cell ápù inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa dà sábẹ́ ahọ́n, ẹ fowó yín sápò. Ápù ò lè di ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ká má sì rò pé ilé ò mọ nǹkan kan nípa stem cell gidi, ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Benin City, wọ́n ti ṣe é fún ọmọ tó ní sickle cell ní 2011, ọsibítù ńlá ni, kì í ṣe orí káńtà.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ pé èèyàn yín kan ti fi ARV sílẹ̀ torí irú nǹkan báyìí, ẹ má bú u, á kàn máa sá fún yín ni. Ẹ bá a lọ sí kíláníìkì tó ti ń gba oògùn, kó sọ ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn gan-an, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọ́n á sì sọ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ padà. Kó mú sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn dání fún wọn, kí wọ́n lè ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀.