Bí ẹ ṣe lè gbá Final Fantasy XIV lórí PS láti Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tó dùn àti ibi tó ń roni lára

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí ní Under G pé ṣé èèyàn lè gbá Final Fantasy XIV, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń gbá, lórí PlayStation (PS) láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ lè gbá a, èmi náà ń gbá a, àmọ́ ọ̀nà kan wà tó yẹ kéèyàn gbà wọ inú ẹ̀ kó má baà sú u lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ yé yín ni pé èèyàn gidi lẹ máa bá jà pọ̀ níbẹ̀, tí iná bá lọ lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀ rí ló máa jìyà ẹ̀ lọ́nà jíjìn.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Wọ́n ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí PlayStation Store, Free Trial lorúkọ ẹ̀, kò ní ọjọ́ tó máa parí, ẹ lè gbá a títí dé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 70, ìtàn àkọ́kọ́ tó jẹ́ A Realm Reborn wà níbẹ̀, Heavensward tó jáde ní 2015 wà níbẹ̀, Stormblood ti 2017 náà wà níbẹ̀. Ìtàn yẹn nìkan ju 100 wákàtí lọ dáadáa, ẹ ò sì nílò PS Plus rárá, ìyẹn owó tí PlayStation máa ń gbà kéèyàn tó lè gbá ọ̀pọ̀ géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú tèmi, kò sí géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì míì tó ń fún èèyàn tó báyìí kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀fẹ́ náà ní okùn tiẹ̀ ṣá. Owó inú géèmù, gil tí wọ́n ń pè é, kò lè kọjá 300,000 lọ́wọ́ yín, ẹ ò lè rajà tàbí tajà lọ́jà àwọn tó ń gbá a, ẹ ò lè fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni, ẹ ò sì lè kó àwọn èèyàn jọ fúnra yín. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ méjì ló fẹ́ jọ máa gbá a, tí àwọn méjèèjì wà lórí ọ̀fẹ́, kò ní rọrùn, àfi kí ẹnì kan tó ti sanwó wà láàárín yín, òun ló lè pè yín wọlé. Tí ẹ bá sì ti ra géèmù náà sórí àkáǹtì yẹn, kò sí pé ẹ tún fẹ́ padà sí ọ̀fẹ́ mọ́, ibẹ̀ ló ti ká ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́. Àtìgbà yẹn lọ, owó oṣooṣù ni, $12.99 fún èyí tó kéré, $14.99 fún èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ fi náírà ṣírò ẹ̀ wò. Oṣù tí ẹ ò bá san, ilẹ̀kùn tì nìyẹn, ohun tí ẹ ti fi owó yín rà pàápàá ẹ ò lè débẹ̀. Ìyẹn ni àléébù tó dùn mí jù, mi ò ní fi bò fún yín.

Dáńlóòdù ẹ̀ ńkọ́? Ó tóbi, ó ju gígà 80 lọ, ẹ tètè wá àyè sílẹ̀ lórí PS. Èmi gbé PS tèmi lọ sí ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ mi kan ní Tákíẹ̀ tí wọ́n ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í ka gígà, òru mẹ́ta gbáko ló fi wọlé, tí iná bá lọ láàárín, ibi tó dé náà ló máa ti bẹ̀rẹ̀ padà. Lẹ́yìn ìyẹn ọkàn yín á balẹ̀ torí géèmù gbígbá fúnra ẹ̀ kì í jẹ dátà púpọ̀, họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù ń gbé e, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá gbé àtúnṣe tuntun jáde, ẹ ra dátà òru sílẹ̀ de ọjọ́ yẹn.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú ibi tí ẹ fẹ́ wà, Europe ni kẹ́ ẹ mú, yálà Chaos tàbí Light. Jámánì ni sáfà wọn wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé géèmù náà, ó sún mọ́ wa ju ti Amẹ́ríkà àti Japan lọ. Ó máa pẹ́ díẹ̀ náà kó tó dá yín lóhùn, àmọ́ géèmù yìí kì í kánjú, ọ̀pọ̀ ohun ìjà inú ẹ̀ ló jẹ́ pé tí ẹ bá ti lo ọ̀kan, ó tó ìṣẹ́jú àáyá 2.5 kí òmíì tó ṣeé tẹ̀. Ẹni tó ti fi nẹ́tíwọ̀kì wa níbí gbá géèmù ìbọn rí á mọ ohun tí mò ń sọ, níbẹ̀ yẹn wọ́n á ti pa yín kí ẹ tó rí ẹni tó yìnbọn.

Lórí pádì, L2 tàbí R2 lẹ máa dì mú kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ohun ìjà 16 ló máa wà lábẹ́ ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń dà bíi pé ó pọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì.

Iṣẹ́ tí ẹ máa mú ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ mú Archer, ìlú Gridania ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tó bá di lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 30 á di Bard. Ọfà lẹ máa máa ta, ẹ lè máa sáré kẹ́ ẹ máa ta á lọ, kò sí pé ẹ dúró máa pe ọfọ̀, ìyẹn ló bá nẹ́tíwọ̀kì wa mu. Tí ẹ bá wá fẹ́ ṣe nǹkan míì lọ́jọ́ iwájú, ẹni kan náà yẹn lè kọ́ gbogbo iṣẹ́ tó kù, ẹ ò ní torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Èmi ò rẹ́ni sọ fún mi. Healer ni mo mú, ẹni tó ń wo àwọn tó kù sàn. Sastasha ni ihò àkọ́kọ́ tí ẹ máa wọ̀, lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 15, èèyàn mẹ́rin ni, tank kan tó ń gba ìyà ọ̀tá sára, healer kan, àwọn méjì tó kù ń jà. A dé ọ̀dọ̀ Denn, ọ̀gá ọ̀tá tó wà nínú omi níkẹyìn, omi ń hó lójú ihò ilẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sáré lọ fọwọ́ kàn án kí àwọn ọmọ ẹ̀ má baà jáde, mo ń sáré lọ síbẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ. Gbì. Kí n tó rí tọ́ọ̀ṣì, kí n tó fa jẹnẹrétọ̀, kí PS tó tan, kí n tó wọlé padà, mo bá àwọn mẹ́ta yẹn níbi tí wọ́n ti kú tí wọ́n ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n dúró, wọn ò lé mi. Tank yẹn kọ "wb" péré, ìyẹn "welcome back", ẹ káàbọ̀, a sì lọ parí ẹ̀. Inú mi ò dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn rárá, mo rò ó pé àwọn náà lè ní iṣẹ́ láàárọ̀. Látìgbà yẹn, mi ò gba healer tàbí tank mọ́ àfi tí ínfátà bá ti kún.

Torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n lo Duty Support. Àwọn tí géèmù fúnra ẹ̀ dá ló máa bá yín wọ ihò, ẹ lè kú nígbà mẹ́wàá, kò sẹ́ni tí ẹ dí lọ́wọ́. Gbogbo ogun inú ìtàn kọ́ ló ní i o, àwọn ogun kan ṣì wà tó jẹ́ èèyàn mẹ́jọ gidi, ẹ fi ìwọ̀nyẹn sí ìgbà tí iná bá dúró. Ohun kan tó tún dáa níbẹ̀ ni pé sáfà ló ń tọ́jú ohun gbogbo, iná lè lọ lójijì, lẹ́fẹ̀ẹ̀lì yín àti ẹrù yín á wà níbi tí ẹ fi sí. Mo ti pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin rí nínú géèmù tí kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì torí mi ò tíì fi í pamọ́.

Ní ti ìjà, àwọ̀ kan máa ń tàn sílẹ̀ níbi tí ọ̀tá fẹ́ kọlù. Ẹ má dúró wò ó. Sáfà ló ń pinnu ibi tí ẹ wà, ojú yín á rí i pé ẹ ti jáde, ó sì máa bà yín síbẹ̀, torí ohun tí ẹ rí ti pẹ́ kó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bó bá ti tàn báyìí, ẹ ti máa lọ.

Ìtàn ẹ̀ wá lọ́ra níbẹ̀rẹ̀, ká sọ òótọ́. Wọ́n á rán yín níṣẹ́ lọ gbé wáìnì, lọ jíṣẹ́, lọ pa kòkòrò, wọ́n tiẹ̀ ti gé lára ẹ̀ kúrò ní 2020, ó ṣì gùn. Ọ̀rọ̀ kíkà náà pọ̀, ẹ ò sì lè fò ó dé iwájú àfi tí ẹ bá sanwó. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á, Heavensward máa san án padà fún yín.

Mo fẹ́ràn àwọn tó ṣe é torí ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀dà àkọ́kọ́ géèmù yìí. Ó jáde ní 2010, ó bàjẹ́ débi pé wọ́n gbé Naoki Yoshida wá kó gba iṣẹ́ náà, ó tì í pa ní 2012, ó tún un kọ́, ó sì gbé e jáde padà ní 2013. Ní December 2021 tí èrò pọ̀ jù lórí sáfà, wọ́n dáwọ́ títà á dúró fúngbà díẹ̀, wọ́n sì fi ọjọ́ kún ọjọ́ fún àwọn tó ti sanwó.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wá sanwó lọ́jọ́ iwájú, ẹ má kánjú ra ilé inú ẹ̀, tí ẹ ò bá wọ inú ilé náà fún ọjọ́ 45, wọ́n á wó o, wọn ò ní bi yín bóyá tiransifọ́mà àdúgbò yín ló jó.

Tí ẹ bá dé Sastasha, ẹ wá ìwé ẹlẹ́jẹ̀ kan nílẹ̀, ẹ kà á, ó máa sọ àwọ̀ iyùn tí ẹ máa fọwọ́ kàn kí ọ̀nà lè ṣí, pupa, búlúù tàbí ewé, ó máa ń yí padà ni, ẹ má fọwọ́ kan èyíkéyìí kẹ́ ẹ tó kà á.