Bí Mo Ṣe Gba Síláìdì Bàbá Mi Lọ́wọ́ Èbu

Inú páálí bàtà kan, ní yàrá tí òrùlé rẹ̀ ń jò ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni mo ti rí síláìdì bàbá mi, ìyẹn àwòrán kéékèèké orí fíìmù tí a fi páálí dì létí, tí a ń tan iná sí láti wò lára ògiri. Wọ́n jẹ́ 140. Kodachrome, irú fíìmù aláwọ̀ kan tí ilé iṣẹ́ Kodak ṣe, ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Bàbá mi kọ́kọ́ lò ó nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní London, nígbà tí ó sì padà sílé, ó tún fi ya àwọn ẹlẹ́ṣin níwájú ààfin Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ Ojúde Ọba. Gbogbo wọn ti bu: èbu ti ta okùn bí òwú aláǹtakùn sójú wọn.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ṣì ń dùn mí. Mo fi omi díẹ̀ rin aṣọ ìnujú mi, mo sì nu ọ̀kan bí ẹni ń nu awò ojú. Àwọ̀ pupa fìlà ẹlẹ́ṣin kan bá aṣọ náà lọ, ojú ibẹ̀ sì dán borokoto. Jẹ́látìn, tí a ń rí láti ara egungun àti awọ ẹran, ni ó gbé àwọ̀ dúró lára fíìmù. Òun gan-an ni èbu ń jẹ, ibi tí ó bá sì ti jẹ ni omi ti ń yọ́. Síláìdì kò sì ní nẹ́gátíìfù tí a lè tún fọ fọ́tò mìíràn láti inú rẹ̀. Ohun tí ó bá kúrò lára rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Mo dúró títí ọyẹ́ fi dé. Mo tẹ́ wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn kò ti lè rà wọ́n, títí èbu náà fi gbẹ tí ó dà bí lẹ́búlẹ́bú. Lẹ́yìn náà ni mo bo imú, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò níta, nítorí kò dára kí ènìyàn fa irú eruku bẹ́ẹ̀ símú. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, mo ya fọ́tò tojú-tẹ̀yìn páálí tí ó di fíìmù kọ̀ọ̀kan mú, torí pé ìwé ọwọ́ bàbá mi wà lára wọn, páálí tí ó ti bu kò sì ṣeé tún lò.

Isopropyl alcohol, oògùn olómi tí ń tètè gbẹ, èyí tí ó mọ́ dé ìdá 99 nínú 100, ni mo lò. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ilé ìtajà oògùn, ìdá 70, ní omi nínú púpọ̀ jù. Mo kọ́kọ́ dán an wò ní etí síláìdì kan tí kò hàn dáadáa tẹ́lẹ̀. Bí a bá da Kodachrome sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ iná, ojú tí àwòrán ti yọ sókè díẹ̀ bí ìgbà tí a fín in ni ojú jẹ́látìn; ojú kejì a máa dán. Ojú tí ó ń dán ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo rọra fi òwú tí ó rin díẹ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì ju òwú náà nù. N kò fún un mọ́lẹ̀ rárá. Kí ènìyàn tó ka ogójì, ó ti gbẹ.

Èbu lọ, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti jẹ kò padà. Lára síláìdì kan, ipa rẹ̀ la aṣọ òfì ìyá bàbá mi kọjá bí ọ̀nà èèrà. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi sikánà sọ gbogbo èyí tí mo ti nù di àwòrán orí kọ̀ǹpútà. Mo pa ètò sikánà tí ń fúnra rẹ̀ pa eruku rẹ́, torí kì í sáábà bá Kodachrome lò dáadáa.

Àpò polypropylene, irú ọ̀rá kan, ni wọ́n wà báyìí, nínú ike tí ó dé pinpin, pẹ̀lú silica gel tí ń fa ọ̀rinrin mu. Mo fi ẹ̀rọ kékeré kan tí ń wọn ọ̀rinrin sí i, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rinrin náà kọjá ìdá 50 nínú 100. Síláìdì 26 ṣì kù láti nù, ṣùgbọ́n òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti dì wọ́n lọ́tọ̀ di ọyẹ́ tí ń bọ̀.