Àṣìṣe Tó Ń Jẹ́ Kí Apolówó Ojú Títì Lẹ̀ Mọ́ Yín

Àlàyé ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Apolówó na ìwé ìléwọ́ sí yín, ẹ ní ẹ ń kánjú. Ó ní kò ní pẹ́ rárá. Ẹ ní kò sówó lọ́wọ́. Ó ní ta ló béèrè owó lónìí? Kí ẹ tó mọ̀, ẹ ti dúró, ẹ ń wá àwáwí kẹta. Kò sí èyí tí kò tíì gbọ́ nínú wọn, ó sì ti há èsì wọn sórí. "Rárá o, ẹ ṣé" ni kò lésì. Ẹ sọ ọ́ láìdúró. Bó bá tẹ̀ lé yín, ẹ tún un sọ, ẹ má fi nǹkan kan kún un.

Èyí tó tún burú jù ni gbígba ohun tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́. Ìwé ìléwọ́ lásán kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, àmọ́ òdòdó tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n ń so mọ́ yín lọ́wọ́ ní gbèsè nínú. Lọ́dún 1971, Dennis Regan, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ní kí ẹnì kan ra Coca-Cola fáwọn tí kò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, onítọ̀hún ní kí wọ́n bá òun ra tíkẹ́ẹ̀tì. Iye tí wọ́n rà tó ìlọ́po méjì iye táwọn tí kò gba nǹkan kan rà. Ó ń ṣe wọ́n bíi pé wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè. Nítorí náà, ẹ kó ọwọ́ sápò. Bí wọ́n bá ti so ó, ẹ tú u, ẹ dá a padà. Bí wọn ò bá gbà á, ẹ gbé e sílẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ ṣáà fọwọ́ síbí" náà ńkọ́? Lọ́dún 1966, Freedman àti Fraser, àwọn náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, bẹ àwọn onílé pé kí wọ́n gbé pátákó gàgàrà kan, tí kò dára wò, síwájú ilé wọn nítorí ìwakọ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn tó gbà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ti kọ́kọ́ gba àmì kékeré nípa ọ̀rọ̀ kan náà, àwọn tó gbà ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìbuwọ́lù kékeré ṣe ń di nọ́ńbà fóònù, tí nọ́ńbà fóònù ń di nọ́ńbà àkáǹtì. (Ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà irọ́ o, ẹlòmíì ni wọn yóò máa dà láàmú.) Bí wọ́n bá ní kí ẹ ka kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín, ẹ yáa kúrò níbẹ̀.

Èébú náà kò wúlò. Iye ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó púpọ̀ nínú wọn, ìjà sì tún ń dá yín dúró.

Bí ẹ bá ti tọwọ́ bọ̀wé, ẹ má rò pé ó ti bọ́. Láwọn orílẹ̀-èdè European Union, púpọ̀ nínú àdéhùn ọjà tàbí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lójú títì ló ní ọjọ́ 14 tí oníbàárà lè fi kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́. Níbẹ̀ náà, kò pọn dandan kí ẹ sọ ìdí.