Bẹ́ẹ ṣe lè sọ fáàsì àti fèrémù àlòkù di ohun tó jọ tolówó ńlá

Ohun tó máa ń tú àṣírí ọ̀ṣọ́ ilé tówó ẹ̀ ò pọ̀, dídán ẹ̀ ni. Fáàsì gíláàsì tí wọ́n ń fi òdòdó sí, tó ń kọ mànà, fèrémù fọ́tò oníke tí wọ́n kùn bíi góòlù, ojú ti mọ̀ wọ́n kẹ́ẹ tó sún mọ́ ọn. Ẹ wá wo àwọn tí wọ́n ń tà lówó gọbọi, ara wọn kì í dán, ó máa ń rí ṣákiṣàki díẹ̀ bí amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ mọ. Irú ara yẹn la fẹ́ fún àlòkù wa, ọ̀dà àti békìn sóódà sì ti tó láti ṣe é.

Tẹ́ẹ bá ń ra fáàsì, ẹ má wo àwọ̀ ẹ̀ rárá, òdòdó tí wọ́n yà sí i lára náà ò ṣe nǹkan kan, gbogbo ẹ̀ ló máa bò mọ́lẹ̀. Bó ṣe rí lódindi ni kẹ́ẹ wò, ọrùn ẹ̀, ikùn ẹ̀, ṣé ó dúró dáadáa àbí ó ń mì. Ẹ fi èékánná ta á, tó bá dún gbangba ó dáa, tí ohùn ẹ̀ bá há, ó ti sán níbì kan nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ jàre. Èmi fara mọ́ ràgàjì kan ṣoṣo ju kéékèèké mẹ́ta lọ, torí ohun ńlá ló ń gba ojú.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, tó bá gbẹ kẹ́ẹ fi sípírítì nù ún kí ọ̀rá ọwọ́ lè kúrò. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sáré, tọ́dà bá wá ń ṣí wọ́n á ní ọ̀dà ni ò dáa. Ẹ wá mú sáńdípépà, ìyẹn bébà tí wọ́n fi ń ha nǹkan, onínọ́ńbà 220, ẹ rọra fi ha ara ẹ̀ kí dídán yẹn kú, ẹ bo imú àti ẹnu yín o. Tó bá jẹ́ gíláàsì tàbí ike, ẹ kọ́kọ́ fi pùráímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, tó lè di gíláàsì mú kùn ún. Pákó àtijọ́ tó ti lọ́dà lára ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn gan-an, ọ̀dà ayé àtijọ́ lè ní òjé nínú, Amẹ́ríkà pàápàá, ọdún 1978 ni wọ́n tó fòfin dè é nínú ilé, eruku ẹ̀ sì léwu fọ́mọdé gan-an, torí náà ẹ má ha á.

Ó wá kan ọ̀dà. Ẹ̀málíṣọ̀n tí wọ́n fi ń kun ògiri ni kẹ́ẹ lò, èyí tí kì í dán, kì í ṣe ọ̀dà olóròóró. Ṣíbí ọ̀dà 4 sí ṣíbí békìn sóódà 1, ẹ rò ó pọ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó díẹ̀, tó bá ṣì ń ṣàn ẹ fi sóódà díẹ̀ kún un títí tó fi máa ki débi pé kò ní máa kán tẹ́ẹ bá gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè. Ẹ má fi sóódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ṣe é o, ìyẹn ń jó ara! Ìwọ̀nba tẹ́ẹ máa lò ni kẹ́ẹ pò, torí ó tètè máa ń le.

Bẹ́ẹ bá ń kùn ún, ẹ má fà á lọ sókè sódò nìkan, ẹ fà á sókè, ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì gún un níbòmíì, torí ipa búrọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an la fẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ẹ tó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, ẹ lo àwọ̀ tó fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ nu búrọ́ọ̀ṣì sára àkísà títí ọ̀dà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu ẹ̀, kẹ́ẹ wá fi ra orí ibi tó ga nìkan, ibi tó jìn á ṣókùnkùn, ibẹ̀ lẹ́wà ẹ̀ wà. Ẹlòmíì tún máa ń fi iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ra á kọ́dà tó gbẹ tán, á wá nù ún kúrò, á dà bí ohun tó ti pẹ́ nílẹ̀.

Fèrémù ní tiẹ̀, fílà tí wọ́n fi ń dí ògiri ló dáa fún un, ẹ fi ọ̀bẹ fílà tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó má baà sán, ẹ jẹ́ kó sùn kó jí, ẹ fi sáńdípépà bá a wí díẹ̀, kẹ́ẹ tó kùn ún.

Fáníṣì, ìyẹn ohun tí wọ́n máa ń kùn sórí ọ̀dà láti dáàbò bò ó, èyí tí kì í dán ni kẹ́ẹ fi parí ẹ̀, tẹ́ẹ bá fi èyí tó ń dán, gbogbo wàhálà yẹn ti já sásán. Òdòdó gbígbẹ ló yẹ irú fáàsì yìí jù, tó bá jẹ́ tútù, ẹ fi ife sínú ẹ̀ kómi wà nínú ìyẹn. Ẹ má kun abọ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Tẹ́ẹ bá fẹ́ gbọn eruku ara ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ ni, ẹ má fi kànìnkànìn tútù fọ̀ ọ́.